Kíṣídì Màmá Kókílà

Nílé wa ní Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin tí ìrẹsì rẹ̀ bá rọ̀ jù kì í gbádùn ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n á máa bi í bóyá ẹ̀kọ ló fẹ́ rò tẹ́lẹ̀, bóyá àwọn tí kò léyín ló ń retí lálejò. Èmi náà jẹ lára yẹ̀yẹ́ yẹn dáadáa kí n tó mọ ìrẹsì í sè débi tí wóró kan kì í lẹ̀ mọ́ èkejì nínú ìkòkò mi. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, tí gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe di ohun tí mo ní láti tún kọ́, mo máa ń sọ fún ara mi pé ó kéré tán, kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi ní ìrẹsì. Ìyá arúgbó kan ní Riverdale Park ló bá mi fọ́ ìgbéraga yẹn.

Mi ò ní fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò lórí bí mo ṣe rìn dé ibí. Ìtàn fóòmù àti ti pápá ọkọ̀ òfuurufú kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ẹnu ẹnì kan sí ti ẹlòmíràn. Ohun tí mo rántí jù ni àárọ̀ ọjọ́ kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́. Tíṣà ni mí nílé. Níbí, títọ́jú àwọn arúgbó ni iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí, ní ilé kan tí wọ́n ń kó àgbàlagbà sí nígbà tí àwọn ọmọ kò bá ráyè. Mo wọ yàrá bàbá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún kan, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn káàárọ̀. Bàbá bojú wolẹ̀, wọ́n rí mi lórí orúnkún, ni wọ́n bá tẹ aago. Kíá, nọ́ọ̀sì méjì ti sáré wọlé pẹ̀lú àga onítáyà, wọ́n ń bi mí pé ibo ló ń dùn mí.

Ọ̀gá mi pè mí sí ọ́fíìsì, ó fi pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé kí n má kúnlẹ̀ mọ́, kí n sì máa pe kálukú ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá tó ju bàbá mi lọ ni kí n máa pè ní Bob. Mo kọ́ ọ. Ẹnu mi ti mọ̀ ọ́n pè báyìí, ṣùgbọ́n orúnkún mi ṣì máa ń tẹ̀ díẹ̀ kí n tó rántí, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì gbà pé egbò àtijọ́ kan ló wà níbẹ̀.

Òtútù kọ́ ló ṣòro fún mi jù, ìdákẹ́jẹ́ ni. Nílé, ariwo àdúgbò ni mo fi ń mọ aago: ìgbà tí bàbá ọ̀ọ́kán bá tan rédíò, ìgbà tí àwọn ọmọ bá ń ti iléèwé bọ̀. Níbí, mọ́tò á dé, ilẹ̀kùn gáréèjì á ṣí fúnra rẹ̀, á sì tún pa dé. Oṣù mẹ́rin ni mo fi sùn lórí àga ní pálọ̀ Ìyá Títí, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wà nínú ìjọ Ánglíkà, tí òun ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan. Ó tọ́jú mi bí ọmọ ìyá, mi ò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ló bí, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà nínú ilé, iwájú ibi tí mo ń sùn gan-an ni wọ́n sì gbé e sí.

Òun náà ló gbọ́ pé ọkùnrin ará Íńdíà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń wá obìnrin tí yóò máa gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ọkùnrin náà ń gbé ní Fairwood pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó ti bẹ ìyá rẹ̀ títí pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ìyá kọ̀, wọ́n ní ilé tí ọkọ àwọn kú sí ni àwọn ó kú sí. Rẹ́ǹtì rẹ̀ kéré, nítorí pé wíwà mi nínú ilé ni wọ́n ń fẹ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹran kò gbọdọ̀ wọlé, ẹja kò gbọdọ̀ wọlé, ẹyin pàápàá kò gbọdọ̀ wọlé.

Ìyá Títí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. “My sister, ìwọ yìí? Ìwọ tó ń fọ́ eegun jẹ? Ó dáa, any Sunday tó o bá wá, màá ti dín ẹran sílẹ̀ dè ẹ́.”

Mo gbà sí òfin náà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń sùn nídìí tẹlifíṣọ̀n kò lè máa bá ẹja dọ́rẹ̀ẹ́.

Kókílà ni orúkọ màmá náà, ṣùgbọ́n èmi kò lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀ láìfi Màmá síwájú. Wọ́n kéré, wọ́n tín-ín-rín, irun wọn funfun báláú nínú ìdì kan lẹ́yìn ọrùn, wọ́n sì máa ń wọ súwẹ́tà lé aṣọ wọn lórí, ìbọ̀sẹ̀ lábẹ́ sálúbàtà. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi díẹ̀ pàṣẹ. Láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti ń pè mí ní béttà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọmọ ẹni nílé tiwọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn lọ́jọ́ náà láìrò ó, wọn ò sì tẹ aago kankan. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n sì ní kí n dìde kí ilẹ̀ má baà tutù sí mi lẹ́sẹ̀. Inú bálùwẹ̀ ni mo ti lọ sunkún, ẹkún tó dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n ní kí á jọ dáná. Oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn jù, ìrẹsì àti ẹ̀wà ni: ìrẹsì tí kò gùn, àti ẹ̀wà kéékèèké kan tí wọ́n ti bó tí wọ́n sì ti là sí méjì, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè tó pọ́n. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún mi, ẹnu mi kò gbà á dáadáa, mo sì sọ ọ́ di kíṣídì, orúkọ tí mo ń pè é títí dòní. Mo sáré gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kí n lè fi ọwọ́ mi hàn. Mo se ìrẹsì náà ní àsèsílẹ̀, ó hó díẹ̀, mo gbé e lọ sídìí síńkì, mo sì da omi rẹ̀ nù bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa.

Màmá Kókílà di ọrùn ọwọ́ mi mú. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mo ń da oúnjẹ nù. Mo ní omi ẹ̀kọ rẹ̀ ni mò ń dà, kí ó má baà lẹ̀ pọ̀. Wọ́n wo omi funfun tó ń lọ, wọ́n mi orí bí ẹni tó ń wo òkú. Wọ́n ní ohun tí mo dà nù yẹn gan-an ni oúnjẹ, èyí tí mo tọ́jú ni èèpo.

A tún bẹ̀rẹ̀. Ife ìrẹsì kan, ife ẹ̀wà kan, kí a fọ̀ wọ́n pọ̀, kí a dà wọ́n sínú ìkòkò oníṣúfèé. Omi púpọ̀, iyọ̀, àti ìyẹ̀fun tọ́mẹ́rìkì, ìbátan ata ilẹ̀ tó máa ń sọ èékánná di àwọ̀ ìyeyè. Ìkòkò á súfèé lẹ́ẹ̀mẹta, a ó pa iná. Kí a tó ṣí i, wọ́n á yọ́ gíì, bọ́tà tí wọ́n ti sè tí wọ́n sì ti sẹ́, nínú páànù kékeré, wọ́n á ju èso jíírà, wóró olóòórùn kan, sí i, á máa ta pàrà, òórùn á gba gbogbo ilé, wọ́n á sì dà á lé oúnjẹ náà lórí bí ìkòkò bá ti ṣí. Nígbà tí wọ́n ṣí ìkòkò, ojú ń tì mí nítorí tiwọn. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ti di ara kan náà, ó rọ̀, ó ń ṣàn. Ká ní Ọ̀yọ́ ni, wọn ì bá ti fi kọrin.

Màmá Kókílà gbé ṣíbí kan fún mi, àwọn fúnra wọn sì ń fi ọwọ́ jẹ. Bí mo ti rí i, mo gbé ṣíbí tèmi sílẹ̀. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mo ti ń fi fọ́ọ̀kì ṣe ojú ayé níbi iṣẹ́. Àwa méjèèjì jókòó síwájú ara wa, à ń fi ọwọ́ ọ̀tún bù ú, òjò ń rọ̀ lójú fèrèsé, mo sì jẹ àwo kan, mo tún bù.

Ìyá mi, ní Ọ̀yọ́, kì í bi mí bí ìlú ṣe rí. “Kí lo jẹ?” ni ìbéèrè wọn, ìgbàkigbà tí mo bá pè. Inú wọn dùn nígbà tí mo ní ìrẹsì àti ẹ̀wà, nítorí oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ ni. Mo sọ òfin ilé náà fún wọn, mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín bí Ìyá Títí. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Èèwọ̀ wọn nìyẹn. Má bá wọn dà á.”

Ọ̀rọ̀ náà yé mi, nítorí a kò tọ́ mi ní ilé tí kò ní èèwọ̀. Bàbá mi tó ti di olóògbé, tíṣà iléèwé Ánglíkà ni wọ́n, wọ́n ń ka Bíbélì láàárọ̀, wọ́n ń kà á lálẹ́, síbẹ̀ wọn kì í fẹnu kan òkété, nítorí pé ilé wọn kì í jẹ ẹ́. Mo bi wọ́n nígbà kan pé ibo ló wà nínú Bíbélì. Wọ́n ní kò sí níbẹ̀, àwọn ò sì ní jẹ ẹ́. Níbi iṣẹ́ mi, ìwé kan wà lẹ́bàá ibùsùn arúgbó kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ oúnjẹ tí kò bá a lára mu sí i: ẹ̀pà fún ẹni yìí, wàrà fún tọ̀hún. Mo máa ń kà á, mo sì máa ń wò ó pé kò sí ibi tí wọ́n ti bi ẹnikẹ́ni nípa ohun tí ilé rẹ̀ kì í jẹ. Ẹni tó bá mọ èèwọ̀ rẹ, ó mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, Màmá Kókílà nìkan ni èmi mọ èèwọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ̀ wọn fi dà bí ilé fún mi.

Ọdún kan kọjá bẹ́ẹ̀. Mo gba láísẹ́ǹsì mọ́tò lẹ́yìn ìgbà tí mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n gbà mí, mo máa bẹ̀rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Màmá Kókílà fi ìwé ìgbàwọlé náà lé ara fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ wọn.

Ní oṣù January, òtútù mú wọn. Ọ̀fìnkìn ló kọ́kọ́ jẹ́, ó di ikọ́, ó di ibà. Dókítà ní kì í ṣe ọ̀ràn ọsibítù, kí wọ́n máa mu omi, kí wọ́n sì jẹun. Wọn ò jẹun. Imú wọn dí pátápátá, wọ́n ní ohun gbogbo dà bí ìwé lẹ́nu àwọn. Ọmọ wọn wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn lórí iṣẹ́, yìnyín ti dí ọ̀nà, ó ń pè mí ní wákàtí-wákàtí pé kí n rí i pé ìyá òun jẹun. Ọjọ́ kẹrin ni ẹ̀rù wá bà mí. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ti jẹ́ kí n mọ̀ pé bí arúgbó bá fẹ́ lọ, oúnjẹ ló kọ́kọ́ ń dágbére fún.

Nígbà tí ibà bá mú wa ní kékeré, ìyá mi máa ń bu edé lílọ̀ sí ohun tí wọ́n bá sè fún wa, kí ẹnu wa lè là. Ìyá Títí ti fún mi ní agolo edé kan nígbà tí mo kó kúrò nílé rẹ̀. Inú àpótí ni mo tọ́jú rẹ̀ sí, nítorí mo mọ̀ pé òórùn rẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn, mo sì máa ń wọ́n díẹ̀ sórí oúnjẹ tèmi. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé mo ń rú òfin. Ẹran ni wọ́n kà, ẹja ni wọ́n kà, ẹyin ni wọ́n kà. Nílé wa, bí a bá se ẹ̀fọ́ tó jẹ́ pé edé nìkan ló wà nínú rẹ̀, à á ní òfìfo la sè, à á sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àlejò. Bí mo ṣe ń po kíṣídì náà, ọwọ́ mi lọ bu edé ṣíbí kan gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ṣe ń lọ bu iyọ̀.

Màmá Kókílà fi sẹ́nu. Wọ́n dúró. Wọ́n tún fi sẹ́nu. Wọ́n jẹ àwo náà tán, wọ́n sì ní kí n bù sí i. Lọ́jọ́ kejì, àwọn fúnra wọn ló béèrè fún un. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n dìde jókòó, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ọmọ wọn pé ọmọ tuntun tí àwọn bí sí Áfíríkà ló gba àwọn là. Mi ò rò pé inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, mo wà ní kíṣìnì Ìyá Títí lẹ́yìn sọ́ọ̀ṣì, mo pe ìyá mi kí n lè fọ́nnu díẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fi sí oúnjẹ náà tí ẹnu ìyá onílé fi là. Mo kà á fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi edé parí rẹ̀. Fóònù dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló lọ.

“Ẹ ń gbọ́ mi, Màmá?”

“Mò ń gbọ́ ẹ. Kí ni wọ́n fi ń mú edé?”

“Àwọ̀n ni, Màmá.”

“Kí ni wọ́n tún ń fi àwọ̀n mú?”

Mo rí Màmá Kókílà níwájú mi, obìnrin tó máa ń gbé aláǹtakùn pẹ̀lú bébà lọ síta kí ó má baà kú, tí kò jẹ ohun ẹlẹ́mìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, tí èmi sì ti fi ọwọ́ ara mi bọ́ wọn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀mí fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá mi mí kanlẹ̀. “Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ẹ tí mi ò sọ fún ọmọ kankan. Ọ̀sẹ̀ kẹfà tí mo wọlé bàbá rẹ, mo ra òkété lọ́wọ́ ọdẹ. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti gbé mi wá, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi. Mo sè é, bàbá rẹ jẹ ẹ́, wọ́n pọ́n ọn lé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àbúrò wọn tó sọ èèwọ̀ ilé wọn fún mi.”

Mo ní, “Bàbá wa? Kí lẹ wá ṣe?”

“Mo sọ fún wọn kí wọ́n tó jáde lọ síléèwé. Wọ́n gbé ìkòkò náà lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ kan. Mo ra ìkòkò tuntun. Títí wọ́n fi kú, wọn ò sọ ọ́ fún ìyá wọn, wọn ò sì fi bú mi lọ́jọ́ ìjà.” Wọ́n wá ní, “Lọ sọ fún un. Oúnjẹ náà kò ní dùn ún tó kí ó gbọ́ pé o ti mọ̀, o sì ń wò ó níran.”

Ìyá Títí ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pa iná sítóòfù, ó dojú kọ mí. “Má sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni o. Mama ti jẹ ẹ́, ara wọn ti yá, testimony nìyẹn. Tí ọmọ wọn bá gbọ́, ó lè sọ pé o fẹ́ poison ìyá òun. Ṣé inú snow yìí lo fẹ́ kó àpótí jáde sí? School ńkọ́? Where you wan see that kind room?”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, mi ò ní purọ́. Yàrá yẹn ni mo fi lè san owó ilé ẹ̀kọ́. Bí mo bá pàdánù rẹ̀, nídìí tẹlifíṣọ̀n ni mò ń padà sí, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì á sì di ọdún mìíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe yàrá nìkan ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ti ní ẹnì kan tó ń pè mí lọ́mọ nílùú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mí, n kò sì fẹ́ rí ojú rẹ̀ nígbà tó bá gbọ́. Nínú mọ́tò, mo pinnu pé màá sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí ara wọn bá le dáadáa.

Mo wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Màmá Kókílà ti wà ní kíṣìnì, wọ́n ti fọ ìrẹsì, wọ́n ti gbé ìkòkò kaná. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní kí n wá sè é, bí mo ṣe máa ń sè é yẹn ni kí n sè é, ti àwọn fúnra wọn kò dùn mọ́ àwọn lẹ́nu mọ́.

Mo dúró níbẹ̀. Bí mo bá fi edé sí i báyìí, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bí mi ò bá fi sí i, wọ́n á béèrè ohun tó yí padà, màá sì purọ́. Mo lọ sí yàrá mi, mo gbé agolo náà jáde, mo wá edé kan tí kò kúnná jáde nínú rẹ̀, mo sì wá kúnlẹ̀ níwájú wọn. Mo ní, “Màmá, èyí ni mo ń fi sí i.”

Wọ́n gbà á sí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n gbé e sún mọ́ fèrèsé, wọ́n wọ gíláàsì wọn.

“Ó ní ojú,” ni wọ́n sọ.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ṣé o mọ̀?”

Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní nílé wa a kì í kà á mọ́ ẹran, a kì í kà á mọ́ ẹja, àfi bí iyọ̀. Mo ní ìyá mi ló là mí lójú lónìí, mo sì bẹ̀ wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì mi, tí mo fi kọ́ ọmọ ogójì ní kíláàsì, dà rú mọ́ mi lẹ́nu. Wọn ò gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n fi bébà wé edé kan ṣoṣo náà jẹ́jẹ́, wọ́n gbé e dání, wọ́n wọ yàrá wọn lọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Monday, ìkòkò wà níta lẹ́yìn ilé, nínú yìnyín. Wọn ò jẹun. Omi nìkan ni wọ́n ń mu, mo sì ń gbọ́ agogo kékeré tí wọ́n fi ń gbàdúrà láti inú yàrá, léraléra. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo tẹ́ ibùsùn fún àwọn arúgbó ẹlòmíràn, ọkàn mi wà lára arúgbó tèmi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn tó tún ń gbààwẹ̀ nítorí mi. Mo dé, mo di ẹrù mi, mo gbé agolo edé lọ fún Ìyá Títí, tí kò bá mi wí. Ó kàn ní àga mi ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Tuesday, bí mo ṣe ṣíwọ́, mo yà ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Route 1, mo ra ìkòkò oníṣúfèé tuntun. Mo fẹ́ gbé e sílẹ̀ fún wọn kí n tó máa lọ. Ìgbà tí mo dé ojúlé, mọ́tò ọmọ wọn wà níbẹ̀. Mo gbá ìkòkò náà mọ́ àyà, mo wọlé.

Ọkùnrin náà dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní ara ìyá òun ti yá ju bí òun ṣe rò lọ, òun ò mọ bí òun ṣe lè dúpẹ́. Ohun tó kàn ń ya òun lẹ́nu ni ààwẹ̀ tí wọ́n ń gbà, tí kì í sì í ṣe àsìkò ààwẹ̀. Ó ní òun béèrè títí, wọ́n ní àárín àwọn àti Ọlọ́run àwọn ni. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Màmá Kókílà, tí wọ́n jókòó sórí àga lẹ́yìn rẹ̀, wò mí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìwò yẹn, ìwò tí ìyá fi ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́ lójú àlejò. Mo pa ẹnu mi dé.

Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ lọ tán, wọ́n wo àpótí mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Wọ́n bi mí pé níbo ni mò ń rìn lọ. Mo ní mo rò pé wọn ò ní fẹ́ rí mi mọ́. Wọ́n gba ìkòkò lọ́wọ́ mi, wọ́n yẹ ìdérí rẹ̀ wò, wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì gbé e lé iná.

“Ààwẹ̀ mi tán lónìí,” wọ́n ní. “Ta ló máa dáná?”

Wọ́n fa àga sí iwájú sítóòfù, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Mo fọ ìrẹsì, mo fọ ẹ̀wà, mi ò da omi kankan nù. Mo fi iyọ̀ sí i, mo fi tọ́mẹ́rìkì sí i bí ọmọ tó ń ṣe ìdánwò lójú tíṣà. Ìkòkò súfèé lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ta jíírà nínú gíì, mo dà á sí i. Mo bu tiwọn, mo bu tèmi, a jókòó síwájú ara wa bí a ṣe máa ń ṣe.

Wọ́n fi ọwọ́ bu díẹ̀, wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mi ò tíì fọwọ́ kan tèmi. Wọ́n tún bu èkejì. Wọ́n gbé e mì, wọ́n wo inú àwo, wọ́n wò mí.

“Ti ìjọ́sí dùn ju èyí lọ,” ni wọ́n sọ.

Mo wo ojú wọn bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì na àwo sí mi pé kí n bù sí i.